Kíjìpá, Aṣọ Tó Yi

    

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àti ìlò aṣọ onírun àgùntàn, irú èyí tó nípọn, tó sì rí hágahàga lára. Mo gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Bí mo ṣe ń ro ó, mo rí i pé irun àgùntàn nìkan kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé wa. Aṣọ tó wà nípò rẹ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ àti gbogbo Ìjẹ̀bú ni kíjìpá, òwú sì ni wọ́n fi ń hun kíjìpá. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ni màá jọ mú wá síwájú yín, kí ọ̀kan lè ràn wá lọ́wọ́ láti rí èkejì dáadáa.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Aṣọ tó le, tó nípọn, tó ń họ ara ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ṣé aṣọ ẹni tí kò rí òmíràn rà ni, àbí aṣọ tí èèyàn fi ojú ara rẹ̀ yàn?

Èsì mi nìyí, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ: yíyi aṣọ kì í ṣe àbùkù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú aṣọ tó yi, iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe ló wò kó tó mú un. Ẹni tí wọ́n bá fi ipá wọ̀ ọ́ fún nìkan ni ó lè kó ìtìjú bá, ìtìjú yẹn kò sì sí lára aṣọ, ọrùn ẹni tó fi ipá wọ̀ ọ́ fún un ló wà. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín láti ìsinsìnyí lọ nìyẹn.

1. Kí là ń pè ní aṣọ tó yi?

Ẹ jẹ́ kí á tún ọ̀rọ̀ yìí tò, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa aṣọ tó yi pọ̀ mọ́ aṣọ tí kò dára. Nǹkan mẹ́ta ló ń mú aṣọ yi. Àkọ́kọ́ ni òwú tí wọ́n fi hun ún, bóyá wọ́n ran án tínrín tàbí wọ́n jẹ́ kó nípọn. Èkejì ni bí wọ́n ṣe ta òwú ìbú mọ́ra wọn, bóyá ó fún tàbí ó dẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n ṣe sí aṣọ lẹ́yìn tó kúrò lórí òfì, bóyá wọ́n lù ú kó lè rọ̀ lára tàbí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ahunṣọ tó mọ iṣẹ́ ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Òwú kò nípọn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń ran án ló ń sọ bó ṣe máa rí.

Nípa irun àgùntàn, ẹ wo àgùntàn tiwa tó ń jẹ kiri lẹ́yìnkùlé. Irun rẹ̀ kúrú, ó le, ó dà bíi ti ewúrẹ́. Kò ṣeé ran bí òwú. Ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí àgùntàn nílò irun gígùn, nítorí náà kò sí ẹni tó jókòó ní Ṣàgámù tó ń hun irun àgùntàn rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè gòkè lọ sí agbègbè Màsínà lẹ́bàá odò Ọya ní ilẹ̀ Mali. Àwọn Fúlàní ibẹ̀ ń sin àgùntàn onírun gígùn, àwọn ahunṣọ wọn sì ń fi irun náà hun aṣọ ìbora ńlá kan tí wọ́n ń pè ní kaasa. Òru ibẹ̀ máa ń tutù, ẹ̀fọn sì pọ̀ lẹ́bàá omi. Darandaran tó bá sùn síta yóò fi kaasa bora látorí dé ẹsẹ̀. Aṣọ náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀fọn kò fi lè rí ara èèyàn jẹ.

Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ irun àgùntàn lẹ́nu, kódà ẹni tí kò fojú rí i rí. Inú Bíbélì la ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin oníwà rere inú ìwé Òwe, irun àgùntàn àti ọ̀gbọ̀ ló ń wá kiri. Ìwé Aísáyà sì fi irun àgùntàn ṣe àpẹẹrẹ ohun tó funfun. Àwọn baba wa tó túmọ̀ Bíbélì kò fo ọ̀rọ̀ náà dá bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní irú rẹ̀ níbí. Wọ́n sọ ọ́ lédè wa, ó sì yé wa.

Ohun tí ilẹ̀ fún àwa ni òwú. Ó ṣe tán, bí aṣọ onírun àgùntàn ṣe jẹ́ fún darandaran ní Màsínà, bẹ́ẹ̀ ni kíjìpá jẹ́ fún àgbẹ̀ ní Rẹ́mọ.

2. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kíjìpá

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ làálàá inú aṣọ yìí ni yóò pè é ní aṣọ yẹpẹrẹ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni òwú ń là. Wọ́n á ká a, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á sì yọ kóró inú rẹ̀. Pákó pẹrẹsẹ kan ni wọ́n máa ń gbé òwú lé, wọ́n á wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i lórí rẹ̀ síwájú, kí kóró lè máa bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọrun kékeré. Okùn ọrun náà yóò máa dún, òwú yóò máa tú ká, yóò fúyẹ́, yóò sì wú. Ẹni tó bá ń ràn án yóò fi ẹfun tàbí eérú pa ìka kí ọwọ́ má baà lẹ̀ mọ́ òwú. Yóò fa òwú pẹ̀lú ọwọ́ kan, yóò fi èkejì yí igi ìrànwú tó ní òkúta kékeré nísàlẹ̀. Òwú aṣọ ìmúròde, wọ́n á fà á kó tínrín. Òwú kíjìpá, wọ́n á jẹ́ kó nípọn, kí ó lè fara da igbó. Bí ẹ bá na òwú kíjìpá àtijọ́ sáàárín ìka méjì, ẹ ó rí i pé kò dọ́gba. Ibì kan wú, ibì kan tín. Ibi tó wú yẹn ló ń mú ara aṣọ rí gúnnugùnnu.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan òfì. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, jẹ́rìí sí i pé òfì ọkùnrin yàtọ̀ sí òfì obìnrin. Ọkùnrin ń hun aṣọ tóóró, èyí tí wọ́n á gán pọ̀ ní ọ̀pọ̀ awẹ́ kó tó di aṣọ. Obìnrin ń hun aṣọ fífẹ̀ lórí òfì tó dúró lóòró. Kíjìpá, iṣẹ́ obìnrin ni. Òfì rẹ̀ kò ju igi méjì tó dúró àti igi méjì tó dábùú lọ. Ó ń fara ti ògiri nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, obìnrin yóò sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Òwú òòró ni wọ́n á kọ́kọ́ ta, láti òkè wá sísàlẹ̀, tí yóò yí igi méjèèjì po. Lẹ́yìn èyí ni yóò máa ti òwú ìbú bọ àárín wọn, yóò sì máa fi igi pẹrẹsẹ kan tó mú létí gbá a mọ́lẹ̀.

Gbígbá yẹn ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fọwọ́ kan án jẹ́ẹ́. Ẹni tó ń hun kíjìpá yóò gbá a lẹ́ẹ̀kan, yóò tún gbá a, títí tí òwú kan yóò fi wọ inú èkejì. Bí o bá wà lóde, o ó máa gbọ́ ọ gbì, gbì. Ìbú rẹ̀ kì í kọjá ibi tí ọwọ́ ahunṣọ lè dé tó bá nà án. Gígùn rẹ̀ kì í kọjá ibi tí òwú náà yí òfì po dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ́ kíjìpá sílẹ̀, ẹ ó rí ojú rírán kan tàbí méjì láàárín rẹ̀. Awẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n gán pọ̀ di aṣọ kan. Ojú rírán yẹn kì í ṣe àléébù rárá. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè mọ bí apá obìnrin tó hun ún ṣe gùn tó.

Bí wọ́n bá fẹ́ pa á láró, ewé ẹ̀lú ni. Wọ́n á gún un, wọ́n á sá a, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú nínú ìkòkò, wọ́n á sì máa ti aṣọ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa yọ ọ́, títí yóò fi dú bó ṣe wù wọ́n. Aró kì í tètè wọ òwú tó nípọn, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ̀ ọ́ tán, kì í tètè jáde.

Mo tún un sọ: kò sí ibi kankan nínú iṣẹ́ yìí tí yíyi aṣọ ti wá láti inú àìmọ̀ọ́ṣe. Ìpinnu ni, láti orí òwú títí dé orí gbígbá.

3. Ìlò rẹ̀

Láyé àtijọ́, oko ni kíjìpá ti gbajúmọ̀ jù. Àgbẹ̀ tó ń ṣán igbó Rẹ́mọ, ẹ̀gún, ewé èsìsì àti ìràwé ló ń bá wọ̀jà. Aṣọ tínrín kò lè pẹ́ níbẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń rán ṣòkòtò ọdẹ àti àpò. Wọ́n ń fi pọn ọmọ nítorí pé kì í já. Ìgbà ọyẹ́, òun ni ìbora. Ó sì bá òkú lọ.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín ti fẹ́ dìde fi òwe yìí bi mí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí nìyí. Ọ̀lẹ kò ní í ṣiṣẹ́ tó máa fi rówó ra aṣọ mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí lọ́dún mẹ́ta. Aṣọ wo ló lè gbà á là? Èyí tí kì í gbó ni. Òwe náà bú ọ̀lẹ, kò bú aṣọ. Bí kíjìpá kò bá lágbára, ọ̀lẹ yóò ti wà níhòòhò tipẹ́tipẹ́. Mo sì gbà pé bí èèyàn bá ti gbàgbé ohun tó mú kí wọ́n pa òwe yìí, tí aṣọ náà sì ti kúrò lójú, èébú nìkan ló máa kù létí.

Ibi tó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù fún mi ni ilédì, ilé ìpàdé àwọn Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú. Ìtagbè tó ń wà léjìká àwọn olóyè Òṣùgbó, àwọn ahunṣọ obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún lórí òfì kan náà tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Kí ni wọ́n ṣe sí i? Wọn kò jẹ́ kó tẹ́jú. Wọ́n fa òwú ìbú jáde láwọn ibì kan kó lè dúró gírígírí lójú aṣọ. Ṣakí ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó jọ ṣakí inú màlúù. Àgbà tó ga jù láwùjọ, tó ń dá ẹjọ́, tó ń fi ọba jẹ, ó ní aṣọ rírọ̀ lójú ọjà tó lè rà. Aṣọ tó rí hágahàga, tó ní irun lójú, ló gbé lé èjìká. Òwú tó ṣẹ́kù létí ìtagbè tí wọn kò hun, wọ́n fi sílẹ̀ kó máa fì ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe kúrò lórí òfì.

Nínú ìdílé aṣọ yìí náà ni aṣọ olónà wà, èyí tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ya ọ̀ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwòrán mìíràn sí lójú pẹ̀lú òwú. Ó bá ọ̀sà àti odò rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn Kàlàbárì ní Niger Delta. Wọ́n ń pè é ní ikakibite, aṣọ ìjàpá, ó sì di aṣọ ọlọ́lá láàárín wọn. Àwọn ahunṣọ Akwete ní ilẹ̀ Ìgbò wá ń hun irú ọnà rẹ̀ fún wọn. Lisa Aronson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí lórí Akwete àti lórí Ìjẹ̀bú, tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí aṣọ olónà jáde ní 1992. Ó yẹ kí ọmọ Rẹ́mọ tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ ka iṣẹ́ rẹ̀.

4. Irun àgùntàn tó gba orí omi wá, àti aṣọ tiwa tó gba orí omi lọ

Ẹ jẹ́ kí á padà sí irun àgùntàn báyìí.

Ọkọ̀ òkun ló gbé e wá bá wa. Láti ìgbà tí àwọn Pọtogí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí etí òkun wa, tí Dọ́ọ̀ṣì àti Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé wọn, aṣọ onírun àgùntàn wà nínú ẹrù wọn. Èyí tó pupa ni àwọn ọba àti olóyè fẹ́ràn jù, òun là ń pè ní òdòdó. Ààfin Benin lò ó púpọ̀, títí di òní olóyè wọn ń wọ aṣọ pupa yẹn lọ́jọ́ ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni níbi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láyé àtijọ́, ahunṣọ máa ń ra aṣọ òkèèrè, yóò tú u, yóò sì mú òwú pupa inú rẹ̀ wọ aṣọ tirẹ̀. Ìdí ni pé pupa tó mọ́ rekete bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti rí nínú igi àti ewé wa. Ẹ kíyè sí i: wọn kò gba aṣọ àjèjì bó ṣe wà. Wọ́n tú u, wọ́n mú ohun tí wọ́n fẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì hun tiwọn.

Ṣùgbọ́n irun àgùntàn mìíràn wà tí kò wá sọ́dọ̀ wa, tí ó sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní àárín ilẹ̀ Wales, ní Montgomeryshire àti àwọn àgbègbè tó yí i ká, àwọn tálákà orí òkè ń hun aṣọ onírun àgùntàn kan tó nípọn tó sì le, tí wọ́n ń pè ní Welsh plains. Ìlú Penistone ní Yorkshire náà ní tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò ń kó o gba Bristol àti Liverpool lọ sí Caribbean àti gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olóko ti ń pín in fún àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú. Nínú ooru ìrèké àti òwú, irun àgùntàn líle ni wọ́n wọ̀ fún wọn. Wọ́n tilẹ̀ fún aṣọ náà lórúkọ ẹrú. Ní South Carolina, òfin ọdún 1740 ka irú aṣọ tí ẹrú lè wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ aṣọ líle tàbí aṣọ tí owó rẹ̀ kéré. Bí ẹrú bá wọ ohun tó dára ju ìyẹn lọ, agbófinró lè bọ́ ọ lára rẹ̀.

Kí ni ìyàtọ̀ aṣọ yẹn sí kíjìpá? Bí ẹ bá fọwọ́ kan méjèèjì, ẹ lè má rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ọ̀kan ń họ ara, èkejì náà ń họ ara. Ìyàtọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó yàn án. Ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ni mo tún padà dé yìí: wọn kò fi Welsh plains bo ẹrú nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Wọ́n fi bò ó kí ojú lè rí i lókèèrè pé ẹrú ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn wa náà ṣe nígbà tí ọwọ́ wọn bá tó o láti yàn. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, John Adams, tó rin ìrìn àjò mẹ́wàá wá sí Áfíríkà láàárín 1786 sí 1800, tẹ ìwé jáde ní 1823. Ó kọ ọ́ pé àwọn Pọtogí ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú lọ tà ní Brazil, àti pé àwọn dúdú ibẹ̀ kà á sí púpọ̀. Ìdí méjì ló fi fún un: aṣọ náà ń pẹ́, ó sì wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti bí wọn tàbí tí wọ́n ti bí òbí wọn. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ yín lọ́kàn. Ní ọjà Brazil, aṣọ Yúróòpù pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Síbẹ̀ owó tí èèyàn fi òógùn rí, aṣọ Ìjẹ̀bú ló fi ń rà. Pano da costa, aṣọ Etí Òkun, ni wọ́n ń pe irú aṣọ tó ti ilẹ̀ wa lọ. Títí di òní, àwọn ìyá ẹlẹ́sìn òrìṣà ní Bahia ṣì ń gbé e lé èjìká.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà tí òun náà rin ọ̀nà yẹn. Òṣífẹ̀kúndé ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n jí i gbé lórí omi ní 1820, wọ́n tà á sí Brazil, ó sì ti ibẹ̀ dé Paris. Níbẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé d'Avezac ti jókòó tì í, tó bi í léèrè nípa ilẹ̀ rẹ̀, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1845. Ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó dàgbà jù tí a ní nípa ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹnu ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú ló ti jáde.

5. Báwo ni ojú wa ṣe yí padà?

Ní May 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ní 1894, Akarigbo, ọba Rẹ́mọ, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó fi Rẹ́mọ sábẹ́ ààbò wọn. Ọ̀nà tí àwọn Ìjẹ̀bú ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣí sílẹ̀, aṣọ Manchester sì wọlé wìtìwìtì. Ẹ̀rọ ló hun ún, ó tẹ́jú, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó làálàá obìnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ran òwú. Oko náà yí padà. Obì gbànja àti kòkó ń mówó wọlé, Ṣàgámù di ọjà obì tí àwọn Hausa ń ti òkè ọya wá ná, ilẹ̀ tí ì bá jẹ́ ti òwú di ti obì. N kò bá àgbẹ̀ kankan jà lórí èyí. Obì ló fi ọ̀pọ̀ wa sí iléèwé.

Iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló wá yí ojú wa padà jù. Lẹ́yìn 1892, ìgbàgbọ́ tàn ká Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bí iná ọyẹ́. Ẹni tó bá ti di onígbàgbọ́ ń wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Inú Bíbélì kan náà tí a ti rí irun àgùntàn ni a ti rí aṣọ ọ̀fọ̀, aṣọ líle tí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ tàbí tó ń ronú pìwà dà ń ró. Ẹni tó bá ń gbọ́ èyí lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, kò ní í pẹ́ tí gbogbo aṣọ líle yóò fi dà bí aṣọ ìbànújẹ́ lójú rẹ̀. Báyìí ni kíjìpá ṣe kúrò lára ẹni tó fẹ́ gbajúmọ̀. Nígbà tí òwú ilé iṣẹ́ dé, àwọn ahunṣọ pàápàá fi òwú rírán sílẹ̀, aṣọ tí wọ́n sì ń hun kò nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Òwò aṣọ kò kúrò lọ́wọ́ obìnrin Rẹ́mọ o. Ìyá wa H.I.D. Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gbajúmọ̀ nídìí òwò aṣọ. Àmọ́ aṣọ tí àwọn obìnrin wa ń tà ti ń wá láti òkèèrè, obìnrin tó mọ ọ̀nà òfì sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Ní Ìkẹ́nnẹ́ yìí kan náà, ọkùnrin kan wà tó kọ̀ láti gbà pé aṣọ tó yi jẹ́ àbùkù. Tai Solarin dá Mayflower School sílẹ̀ ní January 1956. Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé kákí àti fìlà rẹ̀. Kákí kì í ṣe kíjìpá, ẹ̀rọ ló hun ún, ṣùgbọ́n aṣọ iṣẹ́ ni. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ síwájú ìjọba, ó ń wọ̀ ọ́ lọ síbi àpèjẹ, òun náà ló sì ń wọ̀ nígbà tí òun àti àwọn ọmọ iléèwé bá ń ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ó lè ra aṣọ tó ju ìyẹn lọ. Èèyàn tó yan aṣọ líle nígbà tó lè yan rírọ̀, mo kà á mọ́ àgbà Òṣùgbó tó gbé ìtagbè oníṣakí lé èjìká.

6. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún

N kò wá bẹ̀ yín pé kí gbogbo wa bọ́ léèsì sílẹ̀ lọ́la. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré, ó sì ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin àgbà Òṣùgbó, àwọn ìtagbè àtijọ́ wà nínú ilédì yín àti nínú àpótí àwọn ìdílé. Àwọn kan ń lọ sọ́wọ́ àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ lọ sókè òkun. A kì í mú ohun awo síta, mo mọ̀. Síbẹ̀, èyí tí ẹ bá gbà pé ó lè hàn, ẹ jẹ́ kí á ya àwòrán rẹ̀, kí á kọ ìlú tó ti wá àti orúkọ ìyá tó hun ún sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣì rántí rẹ̀. Ìyá kan hun aṣọ tí olóyè mẹ́ta jogún tẹ̀ lé ara wọn, a kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ìyẹn dùn mí.

Ẹ̀yin olùkọ́, pápá kékeré lẹ́yìn iléèwé tó láti gbin òwú ní ọdún kan. Kí àwọn ọmọ yọ kóró rẹ̀, kí wọ́n ran án, kí wọ́n rí bó ṣe ń já mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tún un ran. Igi mẹ́rin ni òfì obìnrin, káfíńtà àdúgbò lè ṣe é láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ wá ìyá tó mọ̀ ọ́n hun ní Ìjẹ̀bú-Òde bí kò bá sí nítòsí yín, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ẹ ṣe ń san ti olùkọ́ yòókù.

Ẹ̀yin ọba wa, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ dá olóyè tuntun lọ́lá, ẹ ní kí wọ́n hun aṣọ kan fún un ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ẹ sì sọ fún ahunṣọ náà pé kó má fà á tínrín.